Ẹ̀rọ Tí Kò Ṣeé Fọ̀ Kò Gbọdọ̀ Kan Ẹ̀jẹ̀

Mi ò ní fi bọpo bọyọ̀: ẹ̀rọ tátù tí wọ́n tò pọ̀ nínú yàrá kò gbọdọ̀ kan ara ẹnikẹ́ni mọ́, ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́. N kò bá tátù jà. Àgbàlagbà tó bá fẹ́ fín ara, òun ló ni ara rẹ̀. Irinṣẹ́ yẹn gan-an ni mo dojú kọ. Ẹ wò ó dáadáa: ẹ́ńjìnnì kékeré tí wọ́n tú nínú DVD tó ti kú, ike bírò tí wọ́n ti fa inú rẹ̀ yọ, okùn gìtá tí wọ́n pọ́n lẹ́nu, ṣíbí tí wọ́n tẹ̀ kó lè ṣeé dì mú, téèpù dúdú tí wọ́n fi wé gbogbo rẹ̀ pọ̀, àti ṣájà fóònù tó ń fún un níná. Ẹni tó ṣe é ní làákàyè, mi ò jiyàn. Ó tiẹ̀ lè sọ fún yín pé ara gègé ni ẹ̀rọ àwọn ọ̀gá náà ti ṣẹ̀, kò sì parọ́: gègé oníná tí Thomas Edison gba ìwé ẹ̀tọ́ lé lórí ní 1876 ni Samuel O'Reilly tún dá lọ́gbọ́n ní New York, tó fi gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ tátù oníná ní 1891. Àmọ́ ohun tó ṣe pàtàkì jù tí iṣẹ́ náà ti kọ́ láti ìgbà yẹn kì í ṣe bí a ṣe ń yára fín ara, bí kò ṣe bí ẹ̀jẹ̀ Táyé kò ṣe ní dé ara Kẹ́hìndé.

Abẹ́rẹ́ tátù ń gún awọ ara lọ́pọ̀ ìgbà kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Bó ṣe ń wọlé ló ń gbé íǹkì lọ, bó ṣe ń jáde ló ń fa ẹ̀jẹ̀ bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ yẹn á gba inú ike bírò gòkè, á yọ́ wọ abẹ́ téèpù, á sì gbẹ síbẹ̀. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ ń já abẹ́rẹ́ jáde nínú ọ̀rá tí wọ́n dì í sí, níṣojú oníbàárà. Rọ́bà fẹ́lẹ́ kan wà nínú ilé abẹ́rẹ́ náà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ padà sínú ẹ̀rọ. Ó ń fi ọ̀rá wé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ó ń da íǹkì sínú ife tíńtín, gbogbo rẹ̀ ló sì ń dànù bí oníbàárà bá ti dìde. Irin tó bá máa tún lò, inú ìkòkò tí ń fi ooru omi pa kòkòrò ló ń lọ, ní 121°C, fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ gbé ẹ̀rọ onítéèpù sínú irú ìkòkò bẹ́ẹ̀, ṣe ni yóò bàjẹ́ kanlẹ̀. Ìdí nìyí tí “abẹ́rẹ́ tuntun ni mo lò” kò fi tó. Abẹ́rẹ́ tuntun nínú ike àná dà bí ẹni tó fọwọ́ tán tó wá fi aṣọ ìnulẹ̀ nù ún. Dettol àti ògógóró kì í dé inú kọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Bó bá sì se abẹ́rẹ́ náà títí tó hó, kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì lè sá sínú ìkarahun tí omi híhó kò ràn.

Àwọn kan á ní mo ń dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé nínú 100 èèyàn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64, nǹkan bíi 8 ló ní kòkòrò mẹ́dọ̀wú oríṣi B. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò mọ̀, torí ó lè wà lára fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Kòkòrò yìí sì ń wà láàyè níta ara fún ọjọ́ 7, ó kéré tán. Bí ẹnì kan bá ń fín èèyàn méjì lóòjọ́ nítòsí ọjà Sábó ní Ìkòròdú, èèyàn 12 ti jókòó níwájú rẹ̀ láàárín Mọ́ńdé sí Sátidé. Bí a bá fi iye tòkè yẹn wò ó, ó sún mọ́ ẹnì kan nínú wọn tó gbé kòkòrò náà wá, ohun tí ti Mọ́ńdé sì fi sílẹ̀ nínú ike ṣì wà láàyè de ti Sátidé. Ọdún 2004 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ dara pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n ń fún ọmọ ọwọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ káàkiri ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti lé ní ọdún 25 ni kò rí i gbà.

Wọ́n tún máa ń ní àwọn baba wa kọlà, wọ́n sín gbẹ́rẹ́, wọ́n fín ara, wọn ò kú. Ta ló ka àwọn tó kú? Yàtọ̀ sí ìyẹn, àṣà tí wọ́n fi ń gbèjà ara wọn, ẹ̀yìn tèmi ló wà. Ìdílé ni iṣẹ́ olóòlà wà, lábẹ́ Ògún, ọmọ sì ń bá baba rìn fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó fi abẹ lé e lọ́wọ́. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní ọ̀bẹ ni wọ́n ń pè wá kọ ilà. Ẹni tó sì fẹ́ ọnà lára láìsí ẹ̀jẹ̀, bùjé àti lààlì wà fún un.

Owó ni àtakò tó wúwo jù. Láti Ẹ̀pẹ́ dé Lẹ́kí tàbí Victoria Island, owó ọkọ̀ lásán ti tó ohun tí ọmọkùnrin àdúgbò ń gbà. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tátù kì í ṣe oògùn ibà. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì pé lè dúró. Òótọ́ ni pé àwọn ọ̀gá náà ń kó sí wàhálà: ní Rochester, Amẹ́ríkà, lọ́dún 2011, íǹkì tí ilé iṣẹ́ ti pò sílẹ̀ kó àrùn awọ ara ran oníbàárà 19 ti oníṣẹ́ kan ṣoṣo. Àmọ́ nítorí pé oníṣẹ́ náà ní ojúkò tí wọ́n mọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tọ ipasẹ̀ àrùn náà títí dé inú ìgò íǹkì. Ta ni yóò tọ ipasẹ̀ ẹni tó ń gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kiri nínú báàgì?

Mi ò ní kí wọ́n fòfin de tátù. Ìlú New York dán an wò láti 1961 títí di 1997, ṣe ni iṣẹ́ náà wọ inú ilé lọ. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Ìpínlẹ̀ Èkó gbà wọlé ní 2007 dáàbò bo awọ ara ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Awọ ara àgbàlagbà náà fẹ́ aláàbò. Kí ìjọba ìbílẹ̀ forúkọ àwọn tó ń fín ara sílẹ̀, kí wọ́n kọ́ ẹni tó lọ́wọ́ iṣẹ́ lára wọn. Wolé-wolé tó ń wọ búkà lọ ṣí ìkòkò ọbẹ̀ wò, kó wọ ọ̀dọ̀ wọn náà, kó ní kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ tí wọn ò tíì já han òun, àti ibi tí wọ́n ń da èyí tí wọ́n ti lò sí. Ẹ̀rọ tó bá bá tí wọ́n fi téèpù dúdú wé, kó gbà á lọ́wọ́ wọn.