Bí oògùn tí dókítà kọ kò bá bá ohun tó wà lára páálí mu

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin àgbà máa ń ní kí àwọn ọmọ bá yín ka bébà pélébé tó wà nínú páálí oògùn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà mìíràn. Ẹsẹ̀ ń ta màmá bí ẹni tẹ iná nítorí àtọ̀gbẹ, dókítà kọ amitriptyline fún wọn, ọmọ ka bébà, ó ní oògùn àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń dà láàmú ni. Inú bí màmá: "Ṣé dókítà yẹn rò pé orí mi ti dàrú ni?" Wọ́n da oògùn nù, ẹsẹ̀ sì ń ta wọ́n lọ.

Dókítà kò ṣì í. Fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti ń lò ó níwọ̀n kékeré láti dín oró iṣan ìmọ̀lára tó bàjẹ́ kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni misoprostol. Oògùn ọgbẹ́ inú ni, àwọn dókítà sì rí i pé ó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lára ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọdún 2006 ni Nàìjíríà wá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ yẹn. Ẹ̀yin òbí, ọ̀pọ̀ oògùn tí a ń fún ọmọ wẹ́wẹ́, ara àgbàlagbà nìkan ni wọ́n ti dán an wò. Dókítà ló ń fi ìwọ̀n ara ọmọ ṣírò rẹ̀.

Ṣé òfin gbà á? Ó gbà á. Ní Amẹ́ríkà, àjọ FDA ló ń fọwọ́ sí oògùn àti ohun tí wọ́n máa kọ sára rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pàṣẹ fún dókítà lórí aláìsàn tó jókòó síwájú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ṣe oògùn ni kò gbọ́dọ̀ polówó rẹ̀ fún ohun tí wọn kò fọwọ́ sí. Ní 2009, Pfizer gbà láti san bílíọ̀nù 2.3 dọ́là nítorí irú ẹ̀. Nílé wa níbí, NAFDAC ló ń forúkọ oògùn sílẹ̀, MDCN ló sì lè pe dókítà tó bá fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ẹ̀mí èèyàn wá jẹ́jọ́. Ohun tó máa gba dókítà sílẹ̀ níbẹ̀ ni pé ó yẹ̀ yín wò, ó bèèrè oògùn mìíràn tí ẹ ń lò, ó ṣàlàyé, ó sì kọ ọ́ sínú fáìlì.

Àwọn kan ti fẹ́ fi kún ààbò yẹn. Ní 2022, ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà ṣòfin pé wọn kò gbọ́dọ̀ torí ivermectin (Mectizan tí wọ́n ń pín fún wa nítorí inárun) àti hydroxychloroquine gba ìwé àṣẹ dókítà tó kọ wọ́n tàbí apòògùn tó tà wọ́n bó ṣe bófin mu. Mo lè fara mọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n òfin náà tún ní apòògùn kò gbọ́dọ̀ kàn sí dókítà tàbí aláìsàn láti sọ pé oògùn méjèèjì kò ní ṣiṣẹ́, àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ bi í. Ní 2023, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní kí wọ́n ṣì dá apá yẹn dúró, torí ó tẹ ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ mọ́lẹ̀. Inú mi dùn sí i. Apòògùn tó ń pe dókítà lórí fóònù nígbà tí ẹ dúró síwájú káńtà, tí ẹ ń bínú pé ó ń fi àkókò yín ṣòfò, ẹ̀ṣọ́ yín ni.

Nílé wa, a tilẹ̀ máa ń fo dókítà àti apòògùn kọjá. Ní oṣù kẹta 2020, nígbà tí ààrẹ Amẹ́ríkà yin chloroquine fún Kòrónà, àwọn èèyàn rọ́ lọ sí kẹ́míìsì, ilé ìwòsàn sì gba àwọn tó lò ó jù ní Èkó. Kò sí òfin tó lè dáàbò bo ẹni tó kọ oògùn fún ara rẹ̀. Ìwé àṣẹ kẹ́míìsì kékeré kò sì gbà wọ́n láàyè láti ta oògùn tó gba ìwé dókítà.

Ẹ̀yin náà ní ẹ̀tọ́. Òfin ìlera Nàìjíríà ti 2014 ní kí wọ́n sọ fún aláìsàn nípa ìtọ́jú tó wà, àǹfààní rẹ̀, ewu rẹ̀ àti iye rẹ̀, ní èdè tó gbọ́, níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Nítorí náà, ẹ bèèrè ní Yorùbá: "Dókítà, ṣé àìsàn mi wà lára ohun tí wọ́n kọ sára páálí yìí? Bí kò bá sí níbẹ̀, kí ló dé tí ẹ fi yàn án?" Kì í ṣe àfojúdi.

Fún ẹ̀yin tó ń lo amitriptyline: alẹ́ ni wọ́n sábà máa ń ní kí ẹ lò ó, torí ó ń kun èèyàn lóorun. Bí ẹ bá fẹ́ dìde lóru, ẹ kọ́kọ́ jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì díẹ̀. Bàbá tí ìtọ̀ kì í tètè jáde fún, tàbí ẹni tó ní àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma, kó sọ fún dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá ti ń lò ó, ẹ má ṣe dá a dúró lójijì láìsọ fún wọn.