Bí Òkun Bá Gbà: Ìrìn-àjò sí Ihò Àpáta Lagos

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí, inú ilé tiwa ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin tí àbúrò mi bí ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Faransé. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ti pinnu pé nígbà ìsinmi, àwọn yóò lọ sí ìlú Lagos ní gúúsù ilẹ̀ Potogí, àwọn yóò sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sínú àwọn ihò àpáta tí òkun gbẹ́ sí ibi tí wọ́n ń pè ní Ponta da Piedade. Ó fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wo àwòrán náà, ó ní rárá.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ojo ni àbúrò mi. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 14, ó wà lórí iyanrìn ní etí òkun Kútọnu ní ọjọ́ tí ìgbì gbé ọmọkùnrin kan tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì lọ. Ojú ọ̀run mọ́ kedere ní ọjọ́ náà. Ọmọ náà mọ̀wẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n inú ọ̀sà ni ó ti kọ́ ọ. Ọjọ́ kẹta ni òkun tó dá òkú rẹ̀ padà. Láti ìgbà náà, bí ẹnìkan bá sọ níwájú àbúrò mi pé òkun dára lójú, kì í dáhùn.

Wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ náà lé mi lọ́wọ́, nítorí pé mo ti dé Lagos rí. Òtítọ́ ni, mo ti dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò wọ inú ihò kankan. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo ní, ọjọ́ náà gan-an ni òkun kò sì gbà. Gbogbo ọkọ̀ ni ó wà ní ìdè ní èbúté. Mo rìn lọ sí ibi ilé iná tí ń tọ́ àwọn ọkọ̀ sọ́nà, mo dúró lókè, mo ń gbọ́ bí ìgbì ṣe ń dún nínú àpáta lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí ìgbà tí ènìyàn ń lu ìlẹ̀kùn. Inú bí mi nígbà náà.

Etí òkun tiwa, iyanrìn ni. Láti Hillacondji dé Kraké, nǹkan bíi kìlómítà 120, kò sí ògiri àpáta tí òkun lè gbẹ́ ihò sí. Ti Lagos yàtọ̀. Àpáta aláwọ̀ ìyeyè ni ó dúró ti omi níbẹ̀, gíga rẹ̀ sì tó bíi mítà 20 ní ọ̀pọ̀ ibi. Òkúta ẹfun ni; ènìyàn lè fi ojú rí ìkarahun inú rẹ̀. Omi òjò ń jẹ ẹ́ láti òkè, ìgbì ń lù ú láti ìsàlẹ̀, ní ìparí rẹ̀ a rí ihò, àwọn kan pẹ̀lú òrùlé, àwọn mìíràn tí òkè wọn ti já tí oòrùn fi ń wọlé tààrà. Àwọn atukọ̀ ti sọ wọ́n lórúkọ. Wọ́n ní ilé ìdáná, wọ́n sì ní erin. Láti òkè níbẹ̀ mo wo erin náà títí. Imú nìkan ni mo rí.

Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ fún ọmọ wa ni pé àwòrán tí ó fi ránṣẹ́ kì í ṣe ti Ponta da Piedade rárá. Ihò Benagil ni, tí ó wà níwájú sí i lápá ìlà-oòrùn, ní agbègbè Lagoa. Láti ọdún 2024 ni àwọn aláṣẹ èbúté ti kà á léèwọ̀ pé kí ènìyàn wẹ̀ wọ inú ihò yẹn, tàbí kí ó sọ̀kalẹ̀ sórí iyanrìn inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ń lá àlá àtidúró lórí iyanrìn yẹn láti ya fọ́tò, kí ó jí.

Lẹ́yìn náà ni mo ní kí wọ́n wo oṣù kí wọ́n tó mú ọjọ́. Nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, àti nígbà tí ó bá di àrànmọ́jú, òkun a máa kún jù, a sì máa fà jù. Ní ọ̀dọ̀ wa, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín kíkún àti fífà kò sábà tó mítà méjì. Ní Lagos, ó lè ju mítà mẹ́ta lọ. Nínú ihò, mítà mẹ́ta kì í ṣe ohun kékeré. Ibi tí ọkọ̀ ti wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ lè di ibi tí orí yóò ti máa kan àpáta ní aago méjì ọ̀sán. Àwọn ológun ojú omi ilẹ̀ Potogí máa ń tẹ ìwé wákàtí kíkún àti fífà òkun jáde. Kí wọ́n kà á.

Ìgbì ni ó ṣòro jù láti yé ènìyàn. Ìgbì tí ń lu etí òkun Kútọnu, ìjì tí ó bí i wà jìnnà réré ní gúúsù Àtìláńtíìkì, ó sì ń rìn fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìdí nìyí tí ojú ọ̀run fi lè mọ́ ní ọjọ́ tí òkun ń pa ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Lagos; ní àfikún, afẹ́fẹ́ kan wà tí ń fẹ́ láti gúúsù-ìlà-oòrùn, tí wọ́n ń pè ní levante, tí í da omi rú níwájú àwọn ihò náà. Òwúrọ̀ ni omi sábà máa ń dákẹ́ jù. Atukọ̀ tí ó bá wo omi tí ó sì sọ pé òun kò lọ, kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n má ṣe wá ẹlòmíràn tí yóò gbà.

Ọkọ̀ kékeré ni kí wọ́n wọ̀, nítorí ọkọ̀ ńlá kò lè wọ ihò, ìta ni yóò dúró. Gilet ni kí wọ́n so mọ́ra láti èbúté, kì í ṣe nígbà tí ẹ̀rù bá dé: omi ibẹ̀ tutù ju tiwa lọ, ẹni tí ó bá ṣubú sínú rẹ̀ lójijì, èémí rẹ̀ yóò kọ́kọ́ já. Ní ti ọkọ̀ alájẹ̀ tí ènìyàn ń dá wà, méjì nínú àwọn mẹ́rin kò mọ̀wẹ̀, nítorí náà n kò tilẹ̀ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí wọ́n má sì ṣe na aṣọ sùn sí ìdí àpáta. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 2009, àpáta wó lu àwọn ènìyàn ní etí òkun Maria Luísa, lápá Albufeira, ní etí òkun gúúsù kan náà. Ènìyàn márùn-ún ni ó kú.

Àṣìṣe tèmi ni pé ọjọ́ kan ni mo ní. Mo ní kí wọ́n mú ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n sì fi òwúrọ̀ àkọ́kọ́ fún òkun, kí ó lè ku òwúrọ̀ méjì bí ó bá kọ̀. Bí ó bá kọ̀ pátápátá ńkọ́? Iṣẹ́ mìíràn wà nínú ìlú náà fún ọmọ Àjàṣẹ́.

Nígbà tí èbúté lé mi padà ní ọjọ́ yẹn, inú ìlú ni mo wọ̀. Ilé kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ọjà ẹrú, tí ó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nísinsìnyí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1444 ni wọ́n kó ènìyàn 235 sọ̀kalẹ̀ ní ìlú yẹn, tí wọ́n sì pín wọn bí ẹran. Ọmọ ọba Henrique wà lórí ẹṣin, ó ń gba ìdá kan nínú márùn-ún. Zurara tí ó kọ ìtàn náà sílẹ̀ kò fi pamọ́ pé wọ́n ya bàbá kúrò lọ́dọ̀ ọmọ. Kì í ṣe àwọn ará wa ni àwọn 235 yìí, láti etí òkun apá Mọriténíà ni wọ́n ti kó wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n là ní ọjọ́ náà ni ó gùn títí tí ó fi dé Ouidah, tí ó dé Àjàṣẹ́, ìlú tí a ṣì ń fi èdè Potogí pè ní Porto-Novo nínú ìwé ìjọba. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ fún ibùdókọ̀ ní Lagos ní ọdún 2009, wọ́n bá egungun ènìyàn tí ó lé ní 150 níbi tí ìlú ń da ìdọ̀tí sí láyé àtijọ́. Ọmọ Áfíríkà ni wọ́n. Àwa tí a ń kí àwọn Àgùdà ládùúgbò lójoojúmọ́, a kò lè gba èbúté yẹn kọjá lọ wo àpáta kí a má yà síbẹ̀.

Mo ka gbogbo ètò náà fún àbúrò mi lórí tẹlifóònù. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, bí ọkọ̀ kò bá lọ, ṣé wọn yóò dá owó wọn padà?” Mo ní a ti béèrè, wọn yóò dá a padà. Ó ní ó dára, kí ọmọ náà pe òun kí ó tó wọ ọkọ̀, kí ó sì tún pe òun nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kan ilẹ̀. Láàárín méjèèjì, òun kò ní jẹun.