Ẹni Kẹta Nínú Yàrá Dókítà

Òfin méjì ni a ṣe ní orílẹ̀-èdè yìí ní ọdún 2017 tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn mọ̀ bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Èkíní sọ pé ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ kọ ẹni tí ìbọn bá bà, ìbáà mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, ìbáà má mú un wá. Kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ ná, kí wọ́n sì fi ọ̀ràn náà tó ọlọ́pàá létí láàrin wákàtí méjì. Èkejì, èyí tí ó lòdì sí ìdálóró, fún ẹni tí ó wà ní àtìmọ́lé ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí dókítà tí òun fúnra rẹ̀ yàn yẹ òun wò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, níbi tí agbára ọlọ́pàá kò dé. Ṣáájú wọn, Òfin Ìlera ti ọdún 2014 ti ka á léèwọ̀ kí dókítà, nọ́ọ̀sì tàbí ilé ìwòsàn kọ̀ láti tọ́jú ẹni tí ọ̀ràn rẹ̀ jẹ́ ti pàjáwìrì, ohun yòówù kí ìdí rẹ̀ jẹ́. Ẹni tí ó bá rú òfin náà lè san ₦100,000, ó sì lè fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jura.

Gbogbo èyí dára lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń gbé ìlú wa mọ̀ pé igbe náà kò tíì dákẹ́. A gbé ẹni tí ọta ìbọn bà dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù, wọ́n ní kí a kọ́kọ́ lọ gba ìwé ọlọ́pàá wá. A gbé aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ dé, wọ́n ní kí a san owó àsansílẹ̀. Abiyamọ ti gbádùn tán, wọn kò jẹ́ kí ó lọ sílé nítorí gbèsè. Ẹni tí ó ń jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará aláìsàn kì í ṣe òǹrorò nígbà gbogbo. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀dọ́mọdé dókítà ni, tí a pa àṣẹ fún, tí kò sì mọ̀ pé òfin wà lẹ́yìn òun bí òun bá kọ̀ ọ́. Ìdí nìyí tí àwa fi rò pé ó tó àkókò kí ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, àti bí a ti í gbẹnusọ fún ẹni tí kò ní agbẹnusọ, di ohun tí a ń kọ́ ní kíkún ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, tí a sì ń ṣe ìdánwò lé lórí bí a ti ń ṣe lórí ọkàn àti ẹ̀dọ̀.

Àwọn kan yóò wí pé, “Ṣé a kò ti ń kọ́ wọn ní ìwà tí ó tọ́ sí oníṣègùn?” Òótọ́ ni, a ń kọ́ wọn. Dókítà ń búra kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣe àkóso wọn ní Nàìjíríà sì ní ìwé ìlànà tí ó fi ń dè wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ènìyàn méjì ni ó sábà máa ń wà nínú rẹ̀: dókítà àti aláìsàn. Kí dókítà má tú àṣírí aláìsàn; kí ó gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó fi ọ̀bẹ kàn án. Ohun tí irú ẹ̀kọ́ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró lé lórí ni ẹni kẹta tí ó dúró sí igun yàrá: ọlọ́pàá tí ó mú ẹlẹ́wọ̀n wá, ọ̀gá ọsibítù tí ó ń ṣọ́ àpótí owó, aṣojú ìjọba tí kò fẹ́ kí a kọ orúkọ àrùn kan sílẹ̀. Nígbà tí ẹni kẹta yìí bá ti la ẹnu, ta ni dókítà ń ṣiṣẹ́ fún? Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán ni èyí, kí ó yí ojú sí South Africa, níbi tí ọ̀ràn náà ti hàn kedere.

Steve Biko jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Natal láti ọdún 1966 títí di ọdún 1972 tí wọ́n lé e kúrò níbẹ̀. Ó wà lára àwọn tí ó la ojú àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ náà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ ọdún 1977, ọlọ́pàá mú un, wọ́n sì tì í mọ́lé ní Port Elizabeth. Nígbà tí oṣù kẹsàn-án wọlé, tí àwọn ọlọ́pàá ti fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ní ọ́fíìsì wọn, ọpọlọ rẹ̀ ti fara gbọgbẹ́. Wọ́n pe dókítà ìjọba kan, Ivor Lang. Ó bá Biko nínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀, ètè rẹ̀ ti ya, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Dókítà yìí mú kálàmù, ó sì kọ ìwé ẹ̀rí pé òun kò rí ohunkóhun tí ó ṣe é.

Ọ̀gá rẹ̀, Benjamin Tucker, dé ní ọjọ́ kejì. Wọ́n fa omi láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn Biko, ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú omi náà. Ẹni tí ó bá ti jókòó ní kíláàsì ìṣègùn fún ọdún díẹ̀ yóò mọ ohun tí èyí lè túmọ̀ sí. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 11 oṣù náà, nígbà tí wọ́n bá a nílẹ̀ tí ìfófó ń yọ ní ẹnu rẹ̀, Tucker gbà kí àwọn ọlọ́pàá gbé e lọ sí Pretoria, ìrìn tí ó lé ní kìlómítà 1,000, ní ẹ̀yìn ọkọ̀ Land Rover, ní ìhòòhò. Ó kú ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ 12, ní ẹni ọgbọ̀n ọdún.

A fẹ́ kí àwọn òǹkàwé wa ṣe àkíyèsí ohun kan níhìn-ín. Àwọn dókítà méjèèjì yìí mọ iṣẹ́ wọn. Àmì àrùn kò pamọ́ fún wọn. Ohun tí ó ti bọ́ lọ́kàn wọn ni pé ọkùnrin tí a fi ẹ̀wọ̀n dè mọ́lẹ̀ yẹn ni wọ́n jẹ ní gbèsè iṣẹ́, kì í ṣe àwọn tí ó dè é. Tucker fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ ní ìkẹyìn pé òun ti fara mọ́ àwọn ọlọ́pàá jù, títí òmìnira tí ó yẹ kí dókítà ní fi bọ́ lọ́wọ́ òun.

Ní ọdún 1980 Ìgbìmọ̀ àwọn dókítà ilẹ̀ náà wí pé àwọn kò rí ẹ̀sùn kan tí àwọn lè fi kan àwọn méjèèjì. Àwọn dókítà díẹ̀ tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, Frances Ames, Phillip Tobias àti Trefor Jenkins wà lára wọn, yarí. Wọ́n gbé Ìgbìmọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì dá wọn láre ní ọdún 1985. Ìgbìmọ̀ tún ọ̀ràn náà gbọ́: wọ́n bá Lang wí, wọ́n sì yọ orúkọ Tucker kúrò nínú ìwé àwọn dókítà. Ọdún mẹ́jọ gbáko lẹ́yìn tí wọ́n ti sin òkú!

Ní ọdún 1985 yẹn kan náà, ní Port Elizabeth kan náà, lábẹ́ Lang kan náà, ni ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ń jẹ́ Wendy Orr ti ń ṣiṣẹ́ dókítà, ẹni ọdún 24. Ìjọba ti kéde òfin pàjáwìrì ní oṣù keje, àwọn tí a kó sí àtìmọ́lé sì pọ̀ bí eṣú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yẹ̀ wọ́n wò bí wọ́n ti ń dé. Ó rí àpá pàṣán, ó rí etí tí ìlù rẹ̀ ti bẹ́. Ó fi tó àwọn ọ̀gá létí, wọn kò ṣe nǹkan kan. Nígbà náà ni ó tọ àwọn agbẹjọ́rò lọ pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ohun tí ó ti rí lára àwọn ènìyàn náà, ó búra sí i, ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ilé ẹjọ́ gíga sì pàṣẹ pé kí àwọn ọlọ́pàá má ṣe lu àwọn tí ó wà ní àtìmọ́lé ní àgbègbè náà mọ́. Èrè tí ó rí gbà ni pé wọ́n mú un kúrò ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, wọ́n gbé iṣẹ́ mìíràn fún un.

Ọ́fíìsì kan, irú ìwé ẹ̀rí kan, ìwà méjì. Bí a bá ní kí olúkúlùkù dókítà máa dúró de ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀, a óò rí Orr kan nígbà mìíràn, a óò sì rí Lang púpọ̀. Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà ilẹ̀ náà, tí Orr fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀, jókòó lórí ọ̀ràn àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní ọdún 1997, ó sì dámọ̀ràn pé kí a máa kọ́ wọn ní ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ní ọdún 1999 Ẹgbẹ́ Àwọn Dókítà Àgbáyé wí bákan náà fún gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn lágbàáyé, pé kí ó jẹ́ ẹ̀kọ́ ọ̀ranyàn. Ní ọdún yẹn náà ni a kó ìwé ìlànà tí a ń pè ní Istanbul Protocol lé Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé lọ́wọ́, ìwé tí ó kọ́ dókítà bí a ti í yẹ ẹni tí a dá lóró wò, àti bí a ti í kọ ohun tí a rí tí adájọ́ yóò fi lè gbà á. A tún un ṣe ní ọdún 2022. Irinṣẹ́ ti wà ní sẹpẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ìlú òkèèrè ni èyí. Dókítà Beko Ransome-Kuti, tí ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Manchester, wà lára àwọn tí ó dá Ìgbìmọ̀ fún Ìgbèjà Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn sílẹ̀ ní ọdún 1989. Ìjọba Abacha sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ní ọdún 1995, kò sì jáde títí di ọdún 1998. Ẹ̀yin olùkọ́, ọmọ ilé yín ni: bàbá rẹ̀, Israel Oludotun Ransome-Kuti, ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1931.

A mọ àtakò tí àwọn ọ̀gá ọsibítù yóò gbé dìde, kì í sì í ṣe àtakò tí a lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọn yóò bi wá pé, ta ni yóò san owó òwú, owó ẹ̀jẹ̀ àti owó epo jẹnẹrétọ̀? Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n sísọ dókítà di wọ́dà tí ó ń ṣọ́ abiyamọ lórí bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe ìdáhùn rẹ̀. Òfin ọdún 2014 ya owó àkànṣe kan sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìlera ìpìlẹ̀, ó sì ní kí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ti ìtọ́jú pàjáwìrì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá kọ́ ní gbígbẹnusọ yóò mọ̀ pé owó náà wà nínú òfin, yóò sì mọ bí a ti í bi ìjọba ìpínlẹ̀ rẹ̀ léèrè pé níbo ni ó gbà. Ìyẹn wúlò fún ọ̀gá ọsibítù ju gbèsè abiyamọ kan lọ.

Bí a ó bá kọ́ ẹ̀kọ́ náà, kí a má fi wákàtí méjì lọ́dún kọ́ ọ, kí àgbà kan wá ka ìwé fún ọmọ tí oorun ń kùn. Kí agbẹjọ́rò wọ kíláàsì, kí nọ́ọ̀sì wọ̀ ọ́, kí ẹni tí ó ti jìyà àtìmọ́lé wá sọ tẹnu rẹ̀. Kí a kọ́ wọn pẹ̀lú pé a kì í dá nìkan jáde sójú ogun: kí wọ́n mọ ọ̀nà ilé ẹgbẹ́ àwọn dókítà àti ti Àjọ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Orílẹ̀-èdè, kí wọ́n sì mọ̀ pé Orr rí agbẹjọ́rò kí ó tó rí adájọ́. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà náà ní láti ṣèlérí fún wọn ní gbangba pé òun yóò dúró ti ọmọdé tí ó bá sọ òtítọ́. Láìsí ìlérí yẹn, ẹ̀tàn ni a ń kọ́ wọn.

Ní ti ìdánwò, àwa dábàá èyí. Kí a mú ẹnìkan tí ó ṣe bí ẹlẹ́wọ̀n wọ yàrá ìdánwò àṣekágbá, pẹ̀lú àpá ní ẹ̀yìn rẹ̀. Kí ẹlòmíràn wọ aṣọ ọlọ́pàá, kí ó dúró tì í, kí ó wí pé ó ṣubú ni. Kí a fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ogún ìṣẹ́jú, ìwé òfo kan àti kálàmù. Kí a kọ́kọ́ fún un ní máàkì bí ó bá ní kí ọlọ́pàá bọ́ síta, lẹ́yìn náà kí a wá ka ohun tí ó kọ.