‘O Ṣeun’ Kì Í Ṣe Owó Iṣẹ́

Àwọn baba wa ní Kétu sọ pé ojú tí ó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí wa, a sì ń fi í yangàn, pàápàá láti ọdún 2001 tí UNESCO ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ohun àjogúnbá tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú, ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sáábà bi ara wa: ta ni ó gbẹ́ igi tí ojú ń wò? Agbẹ́gilére ni. Ta ni nínú wa ni yóò dúró níwájú agbẹ́gilére kí ó sọ pé, “Gbẹ́ ère wá fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí pé gbogbo ìlú ni yóò rí i, òkìkí rẹ yóò sì kàn”? Ojú yóò ti ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀.

Agbẹ́gilére tuntun ti wà láàrin wa lónìí. Kò mú àáké dání. Ìdí kọ̀ǹpútà ni ó jókòó sí. Òun ni àwọn tí ń sọ Faransé ń pè ní graphiste. Kò sí ìnáwó, kò sí àjọ̀dún, kò sí ìdìbò, kò sí ìtajà ní Àjàṣẹ́, ní Sábẹ̀ tàbí ní Kétu tí ọwọ́ rẹ̀ kò sí níbẹ̀: ìwé ìpè, àfíṣì, pátákó ẹnu ọ̀nà, kàlẹ́ńdà, èèpo ìwé, àmì ìdánimọ̀ ẹgbẹ́. Ohun kan náà tí ojú wa kò ní gbà kí a sọ fún agbẹ́gilére ni a ń sọ fún un lójoojúmọ́. A kò ní fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: owó tí a ń san fún un kò tó iṣẹ́ tí ó ń ṣe, àwa gan-an ni a sì ń rẹ́ ẹ jẹ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìnáwó òkú àgbà kan. A ra màlúù, a gba àtíbàbà àti àga, a dá aṣọ kan náà, a san owó onílù. Ẹni tí yóò se oúnjẹ ti gba owó lọ́wọ́ kí iná tó dé abẹ́ ìkòkò. Ó wá ku ẹni tí yóò ṣe ìwé ètò. A pè é ní ọjọ́ Ajé, a ní a fẹ́ gbà á ní Ọjọ́bọ̀. A fi fọ́tò olóògbé kan tí ó ti ṣá ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. A rántí pé a ti gbàgbé orúkọ àbúrò kan, a tún pè é. Ẹ̀gbọ́n kan pè láti Cotonou pé àwọ̀ náà kò wu òun. Gbogbo rẹ̀ ni ọmọ yìí tún ṣe láìsùn. Nígbà tí ó parí, a na 5 000 sẹ́fà sí i, tàbí kí a kàn wí pé, “Ọmọ wa, o ṣeun, Ọlọ́run yóò san án fún ọ.” Lẹ́yìn ọdún kan, ẹran ti tán, àtíbàbà ti padà sílé oní-ǹkan, ohùn ìlù ti lọ. Ìwé ètò yẹn ni ó ṣì wà nínú àpótí ìyá àgbà. Ohun tí ó pẹ́ jù lọ́wọ́ wa ni a san owó rẹ̀ kéré jù.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, 52 000 sẹ́fà ni owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin Benin gbà kí a san fún òṣìṣẹ́. 40 000 ni tẹ́lẹ̀. Bí a bá ka iṣẹ́ oṣù kan sí ọjọ́ 26, 2 000 sẹ́fà ni ti ọjọ́ kan. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta yóò mú 6 000 wá fún ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ kankan, tí kò sì mú irinṣẹ́ kankan wá láti ilé. Oníṣẹ́ ọnà wa ni ó ra kọ̀ǹpútà, òun ni ó ń san owó iná àti owó íntánẹ́ẹ̀tì, òun ni ó fi ọdún mélòó kan kọ́ iṣẹ́. Ẹni tí ó gba 5 000 fún ọjọ́ mẹ́ta kò rí tó ohun tí òfin fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó ń ru òkúta.

Àwáwí mẹ́ta ni a máa ń gbọ́. Èkíní ni pé kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe é, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni. Ṣé ẹ̀rọ ìránṣọ ni ó ń rán aṣọ fún télọ̀? Ẹ jẹ́ kí èdè wa jẹ́ ẹ̀rí. Lẹ́tà “ọ́” ní àmì lábẹ́, ó ní òmíràn lórí. Kò sí àyè kan ṣoṣo fún un nínú ètò Unicode tí gbogbo kọ̀ǹpútà ń lò; ńṣe ni a ní láti so àwọn àmì náà pọ̀. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà ẹlẹ́wà tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ òkèèrè ni kò mọ bí a ti ń gbé àmì méjì: òmíràn yóò sún àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́, òmíràn yóò fi àpótí òfìfo dípò rẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa ní Benin, ɛ àti ɔ tún wà, tí ìkọsílẹ̀ àwọn èdè ìlú wa ń lò. Oníṣẹ́ ọnà ni yóò mọ èyí tí àwọn òǹkàwé ń fẹ́, tí yóò wá lẹ́tà tí ó bá a mu, tí yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: bí àmì bá ṣí nípò lórí ìwé ìgbéyàwó, a ti sọ ọkọ ìyàwó di mọ́tò. Àwòṣe ọ̀fẹ́ inú Canva kò mọ èyí. Ènìyàn ni ó mọ̀ ọ́n.

Àwáwí kejì ni pé ọmọ wa ni, ìrànlọ́wọ́ ni, àṣà wa sì ni láti ran ara wa lọ́wọ́. Ẹ má fi àṣà bo ìrẹ́jẹ mọ́lẹ̀. Àwọn baba wa mọ àáró, wọ́n mọ ọ̀wẹ̀. Nínú àáró, bí mo bá bá ọ ro oko lónìí, oko tèmi ni ó kàn lọ́la. Ta ni ó ti bá oníṣẹ́ ọnà ro oko tirẹ̀ nígbà tí ó kàn án? Nínú ọ̀wẹ̀, olóko ni yóò bọ́ àwọn tí ó wá ṣiṣẹ́, oúnjẹ náà yóò sì pọ̀. Ìwọ̀fà pàápàá, tí gbèsè sọ di ẹni tí ń sin ẹlòmíràn, ní àkókò tirẹ̀ tí ó fi ń ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀. Èyí tí a ń ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ wa kì í ṣe àáró, kì í ṣe ọ̀wẹ̀. Kò ní orúkọ nínú àṣà wa.

Àwáwí kẹta ni òkìkí. Ṣùgbọ́n a kì í kọ orúkọ rẹ̀ sára iṣẹ́! Nígbà tí William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa agbẹ́gilére kan ní Ìmẹ̀kọ, tí í ṣe ilẹ̀ Kétu láyé àtijọ́, orúkọ Duga ni ó fi sí àkọlé àpilẹ̀kọ náà tí ó jáde ní 1973, ó sì pè é ní ọ̀gá. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni Romuald Hazoumè tí ó gba ẹ̀bùn Arnold Bode ní Kassel, ní Jámánì, ní 2007. Inú wa dùn, a ń dárúkọ rẹ̀. Ṣé dandan ni kí àjèjì kọ́kọ́ pe ọmọ wa ní ọ̀gá kí àwa tó mọ orúkọ rẹ̀?

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. A mọ̀ pé àwọn oníṣẹ́ ọnà kan ń gba àsansílẹ̀, wọn a sì pa fóònù. Àwọn kan ń gbé àwòrán olówó láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn a pè é ní tiwọn. Àwọn mìíràn ń gba 1 000 sẹ́fà kí iṣẹ́ má baà bọ́ sí ọwọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn, wọ́n sì ń fi bẹ́ẹ̀ ba ọjà jẹ́ fún ara wọn àti fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. A kò gbè wọ́n lẹ́yìn. A sì mọ̀ pé ìyá tí ń ta àkàsà kò lè san iye tí ilé ìfowópamọ́ yóò san. Owó kékeré tí a dá láàrin ara wa kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ìrẹ́jẹ. Ẹ̀bùn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bí ó bá ti inú ẹni tí ó ń fúnni wá. Ohun tí a bá fi ìtìjú gbà lọ́wọ́ ọmọdé ni kì í ṣe ẹ̀bùn.

Òfin náà kò dákẹ́. Ní Benin, òfin n° 2005-30 ti oṣù kẹrin ọdún 2006 ń dáàbò bo iṣẹ́ àwòrán bí ó ti ń dáàbò bo orin àti ìwé, BUBEDRA sì ni iléeṣẹ́ tí ó ń bójú tó o. BUTODRA ni ti Togo. Ṣùgbọ́n òfin kò lè wọ inú yàrá ìpàdé wa kí ó san gbèsè tí a jẹ.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nínú ẹgbẹ́ tiwa yìí, nígbà tí a bá ń ṣètò ìnáwó àjọ̀dún, a máa ń kọ owó oúnjẹ, owó ọkọ̀ àti owó ìlù. Oníṣẹ́ ọnà kì í ní ìlà kan nínú ìwé ìṣirò náà. A ń bẹ ẹgbẹ́ láti ìsinsìnyí lọ pé kí ìlà yẹn wà. Kí a kọ ohun tí a fẹ́ sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí a san ìdajì ṣáájú, ìyókù ní ọjọ́ tí a bá gbà á. Kí àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì wà nínú owó náà, kí ẹ̀kẹta ní owó tirẹ̀. Kí orúkọ ẹni tí ó ṣe èèpo ìwé ìròyìn yìí wà nínú rẹ̀, bí orúkọ àwa tí a kọ̀wé ti wà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ dá iye yín kí ẹ tó ṣí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì parí iṣẹ́ ní ọjọ́ tí ẹ dá. Ẹ̀yin àgbà, ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ẹ jẹ́ kí a san owó ọbẹ̀ kí a tó fọwọ́ nu ẹnu.