"Mádàámù, gáàsì yín ti tán": Irọ́ tí à ń fowó rà lọ́wọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ nílùú Accra

Lóṣù Kìíní, nígbà tí ọyẹ́ dé sílùú Accra, níbi tí eruku rẹ̀ ti ń pọ̀ ju òtútù rẹ̀ lọ, ẹ̀rọ amúlétutù inú yàrá mi bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná. Iṣẹ́ ìròyìn orí rédíò ni mò ń ṣe, aago mẹ́rin ìdájí ni mo sì ń jí. Mi ò lè bá ooru jà mọ́jú.

Mo pe oníṣẹ́ kan tí aládùúgbò mi ní Madina fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀. Kò tíì tú nǹkan kan tó fi sọ pé: "Mádàámù, gáàsì yín ti tán." Ó gba cedi 600, owó ọkọ̀ lọ́tọ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ooru náà fi padà. Òun náà padà wá. Ó gbọ́wọ́ lé èyí tó wà níta, ó mirí bíi dókítà tó fẹ́ túfọ̀, ó ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ló kú báyìí. Cedi 2,800 ni tuntun, ó sì máa bá mi gbé òkú ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo ní mi ò ní irú owó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀, mo wá ẹlòmíràn. Ẹni yìí ò gbé gáàsì dání. Asẹ́ ló kọ́kọ́ yọ, eruku ti dí i pa. Ó fọ̀ ọ́, ó fọ ti ìta náà, ó pààrọ̀ kápásítọ̀ kan tí kò tóbi ju agolo mílíìkì kékeré lọ, òtútù dé. Ó ní kí n san cedi 250 lápapọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe. Mo ná an. Mo ní: "Bọ́ọ̀sì, ṣebí omi lẹ fi fọ̀ ọ́?" Cedi 180 ni mo fún un. Ẹni tó parọ́ fún mi, mi ò yọ pesewa kan nínú owó tiẹ̀.

Gáàsì kì í tán bí epo mọ́tò

Ohun tí mo kọ́ lẹ́yìn náà kò le rárá. Gáàsì inú ẹ̀rọ amúlétutù kì í jóná. Inú páìpù kan náà ló ń yí po títí ẹ̀rọ náà fi máa gbó. Bó bá dínkù, á jẹ́ pé ó ń jò níbì kan. Ẹni tó bá ń fi gáàsì kún un láì wá ibi tó ń jò, agbọ̀n ló fi ń pọnmi, owó yín sì ni omi náà.

Orúkọ gáàsì tún wà lára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, R-22, R-410A tàbí R-32, a kì í sì í pò wọ́n mọ́ra. Ẹni tí kò bá wo ibẹ̀ kó tó gbé gáàsì jáde, ẹ ti mọ irú ẹni tó jẹ́.

Ti kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ló burú jù. Kápásítọ̀ ló máa ń ràn án lọ́wọ́ láti gbéra. Bí kápásítọ̀ bá ti rẹ̀, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ á kàn máa kùn lásán, lójú ẹni tí kò mọ̀, ó ti kú. Owó àwọn méjèèjì jìnnà síra gan-an, inú àlàfo yẹn sì ni àwọn kan ti ń jẹun. Èyí tí wọ́n ní ó kú náà kò ní ṣòfò: bàbà wà nínú rẹ̀, àwọn tó ń ra irin àlòkù á rà á. Irú òwò yìí wà lára ohun tó sọ Agbogbloshie di ìlú mọ̀ọ́ká káàkiri àgbáyé, kí ìjọba tó tú ibẹ̀ ká lọ́dún 2021. Òwò náà ò bá ọjà yẹn kú.

Kí ará Lagos tàbí Cotonou má fi Accra rẹ́rìn-ín. Jẹnẹrétọ̀ tó kàn nílò púlọ́ọ̀gì tuntun ni wọ́n máa ń sọ pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti nọ́ọ̀kì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ohùn rẹ̀ jẹ́ ti Nàìjíríà, tí kò gbọ́ Twi tàbí Ga dáadáa, tó tún jẹ́ obìnrin tó ń dá gbé, owó tiẹ̀ máa ń lé sí i. Wọ́n ti bi mí rí pé ọ̀gá dà.

Lọ́dún 1973, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì, Michael Darby àti Edi Karni, kọ̀wé lórí irú ọjà yìí, ọjà tí ẹni tó rà á kò ní lè mọ̀ bóyá òun nílò rẹ̀, kódà lẹ́yìn tó ti sanwó. Ẹ ra tòmátì tó ti jẹrà, ẹ ó rí i tẹ́ ẹ bá délé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pààrọ̀ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tí kò bàjẹ́, yàrá á tutù, ẹ ó tún dúpẹ́.

Ta ló ń sanwó fún òtítọ́?

Ghana kò káwọ́ gbera. Lórí iná ilé, òfin L.I. 2008 tó jáde lọ́dún 2011 fún Energy Commission láṣẹ láti máa fún àwọn tó ń fa wáyà níwèé ẹ̀rí, ó sì ya ẹni tó ń fa wáyà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ náà wò. Ìyàsọ́tọ̀ yẹn ló dùn mọ́ mi jù: ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò kò ní wáyà kankan láti tà fún yín.

Òfin ọjà títà ti ọdún 1962 náà wà, ṣùgbọ́n ọjà tí kò dára ló ń bá wí. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tí wọ́n fẹ́ tà fún mi lè dára bíi wúrà. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé mi ò nílò rẹ̀.

Ti South Africa ni mo fẹ́ kí a yá lò. Òfin ààbò oníbàárà wọn ti ọdún 2008 ní kí oníṣẹ́ sọ iye owó, kí ẹ sì gbà, kó tó fọwọ́ kan nǹkan. Ohun tó bá yọ kúrò, kó kó o fún onílé, àyàfi bí onílé bá ní òun ò fẹ́. Kódà òfin náà ní kó kó o sínú nǹkan tó mọ́.

Síbẹ̀, òfin kò ní jókòó ti oníṣẹ́ nínú yàrá mi. Ẹ wo ẹni tó wọ trotro láti Kasoa, tó tú ẹ̀rọ, tó rí i pé kò sóhun tó bàjẹ́. Èló la máa fún un? Ọ̀pọ̀ wa á fún un lówó ọkọ̀, a ó ní Ọlọ́run á bù kún un. Ìmọ̀ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ kò níye lórí lójú wa, àfi ohun tó bá yọ jáde nínú báàgì. Ó wá ń yà wá lẹ́nu pé nǹkan kan kì í ṣàìjáde látinú báàgì náà.

Mi ò fi èyí gbèjà olè. Wọ́n ní ibi tí wọ́n bá so ewúrẹ́ mọ́ ló ti ń jẹ, mo sì kórìíra kí wọ́n máa fi òwe yẹn ṣe àwáwí. Ẹni tó ní gáàsì mi ti tán mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa. Ṣùgbọ́n èmi ni mo san cedi 600 fún irọ́, tí mo sì wá ń ná òtítọ́ bí ẹni ń ná ẹja lọ́jà.

Ní báyìí, kí oníṣẹ́ tó kúrò nílé rẹ̀, mo ti ń bá a ṣàdéhùn owó àyẹ̀wò, yálà ó rí nǹkan tàbí kò rí. Ohun tó bá ní ká pààrọ̀, èmi fúnra mi ni mò ń lọ rà á ní Opera Square, èyí tó bá yọ sì ń dúró lọ́dọ̀ mi. Àwọn méjì kan ti bínú lọ nítorí ẹ̀. Kò dùn mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi cedi 70 tí mo yọ nínú owó ọkùnrin kejì yẹn ránṣẹ́ sí i lórí MoMo. Ó pè mí lójú ẹsẹ̀, ó ní ó jọ pé mo ṣi nọ́ńbà tẹ̀.