Toussaint Kì Í Ṣe Ọjọ́ Òkú

Ní Tchatchou, tí ó wà lábẹ́ Tchaourou ní ẹkùn Borgou, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú ní orílẹ̀-èdè Benin, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà ni pé ọjọ́ òkú ni Toussaint, ìyẹn àjọ̀dún Gbogbo Ẹni Mímọ́ tí Ìjọ Àgùdà ń ṣe ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi í wé ọdún egúngún. Èrò yìí kò tọ̀nà, ó sì ń bo ẹwà àjọ̀dún náà mọ́lẹ̀.

Kí ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì wo aṣọ tí àlùfáà gbé wọ̀. Ní ọjọ́ kìíní, aṣọ funfun ni, wọ́n sì ń kọ Gloria, orin ìyìn tí a kì í kọ níbi Mísà òkú. Ní ọjọ́ kejì, tí í ṣe ọjọ́ ìrántí gbogbo onígbàgbọ́ tí ó ti kú, aṣọ elésè àlùkò ni ó sábà máa ń wọ̀, a kò sì ní gbọ́ Gloria mọ́.

Ọ̀dọ̀ àwọn ajẹ́rìíkú, ìyẹn àwọn tí wọ́n pa nítorí pé wọn kò sẹ́ Kristi, ni àjọ̀dún náà ti ṣẹ̀. Nínú inúnibíni tí Diocletian, olú-ọba Róòmù, bẹ̀rẹ̀ ní 303, wọ́n pọ̀ débi pé ọjọ́ inú ọdún kò lè ká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ni àwọn ìjọ ìlà-oòrùn bá yan ọjọ́ kan fún gbogbo wọn. Ní Róòmù, Póòpù Boniface Kẹrin ya Pantheon, tẹ́ńpìlì òrìṣà àtijọ́, sí mímọ́ fún Màríà àti gbogbo ajẹ́rìíkú ní oṣù Karùn-ún, ní nǹkan bí 609. Ní ti bí ó ṣe bọ́ sí oṣù Kọkànlá, àwọn kan ń sọ pé ọdún òkú àwọn abọ̀rìṣà Ireland, Samhain, ni wọ́n fi orúkọ Kristi bò. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí 800, nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Arno ti ń ṣe àjọ̀dún yìí ní oṣù Kọkànlá ní Salzburg, oṣù Kẹrin ni àwọn ará Ireland fúnra wọn ṣì ń ṣe tiwọn. Báwo ni ọjọ́ tí Ireland kò tíì lò ṣe lè ti Ireland wá?

Ibi tí àṣìṣe ti wọlé kò fara sin. Odilo, olórí àwọn mọ́ńkì Cluny ní Faransé, ni ó fi ìrántí òkú sí ọjọ́ kejì, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ní 1802, Toussaint wà lára àjọ̀dún mẹ́rin péré tí Faransé fi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìsinmi. Ìsinmi yìí náà ni Benin jogún, ọjọ́ kejì kò sì sí nínú rẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ ń dúró dè ní ọjọ́ kejì kò ní àyè mìíràn ju ọ̀sán ọjọ́ kìíní lọ láti ro koríko orí ibojì ìyá rẹ̀, kí ó fi ẹfun kùn ún, kí ó sì tan àbẹ́là sí i. Ìfẹ́ ni, kò sì sí ẹni tí ó yẹ kí ó bá a wí; ṣùgbọ́n ìsinmi ìjọba ni ó gbé e débẹ̀, kì í ṣe ẹ̀kọ́ Ìjọ.

Charles Lwanga àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Uganda, tí Póòpù Paul Kẹfà kéde ní ẹni mímọ́ ní 1964, ní ọjọ́ tiwọn ní oṣù Kẹfà. Àwọn tí kò ní ọjọ́ ni Toussaint wà fún jù lọ: ìyá tí ó lo ayé rẹ̀ nínú oko ẹ̀gẹ́, tí ó ń pín oúnjẹ rẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ, tí orúkọ rẹ̀ kò dé Róòmù rí. Ìjọ gbà pé ó wà láàyè lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ní ọjọ́ kejì, àwọn alààyè ń gbàdúrà fún òkú wọn. Ní ọjọ́ kìíní, irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀ pé kí ó gbàdúrà fún àwọn.