Èsì Wa fún Àwọn tí Ń Gbèjà Èrú

Àwọn kan nínú ìlú yìí ń wí pé bí kò bá sí èrú, òwò kò lè gbèrú. Àwọn tí ó kàwé nínú wọn tilẹ̀ ní ẹlẹ́rìí: àlọ́ oyin tí Bernard Mandeville fi ewì pa ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1705.

Ọkùnrin yìí, oníṣègùn ni. Ó ní agbo oyin kan wà tí ọrọ̀ kún inú rẹ̀. Agbẹjọ́rò ibẹ̀ ń fa ẹjọ́ gùn nítorí owó, oníṣègùn ń wá òkìkí ju ìwòsàn lọ, oníṣòwò ń yan ará ilé rẹ̀ jẹ. Síbẹ̀ gbogbo wọn ń ráhùn sí èrú. Òrìṣà wọn bínú, ó sọ wọ́n di olóòótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé ẹjọ́ dákẹ́, àwọn tí ń rọ àgádágodo kò ríṣẹ́ ṣe mọ́, òwò ṣubú, ìwọ̀nba oyin tí ó kù sì fò lọ sínú ihò igi.

Oyin ni ó pè lẹ́rìí. Ẹ jẹ́ kí a bi oyin léèrè. Ní ẹnu ọ̀nà ilé oyin, ẹ̀ṣọ́ wà tí ń gbóòórùn ẹni tí ń wọlé, wọn a sì ta olè. Ìyá kan ṣoṣo ni ó ń yé ẹyin fún gbogbo agbo. Bí òṣìṣẹ́ kan bá yọ́ tirẹ̀ yé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a jẹ ẹyin náà. Ratnieks àti Visscher fi èyí hàn ní 1989. Ìgbà tí ìyá bá kú, tí kò sì sí ìdin tí a lè tọ́ di ìyá mìíràn, nígbà náà ni ìwà tí Mandeville yìn dé: àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí yé ẹyin tara wọn. Ẹyin pọ̀, ẹni tí ń wò yóò rò pé ìbísí dé. Ṣùgbọ́n nínú oyin ilẹ̀ wa, akọ nìkan ni ń jáde láti inú irú ẹyin bẹ́ẹ̀, akọ oyin kì í sì í lọ wá oúnjẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ ń kú lọ láìní arọ́pò, títí olè láti agbo mìíràn fi kó afárá wọn gbẹ.

Ó ṣàánú ẹni tí ń rọ àgádágodo! Àwọn baba wa a máa pàtẹ ọjà sí ẹ̀bá ọ̀nà, wọn a to òkúta wẹ́wẹ́ sí i láti fi iye rẹ̀ hàn, wọn a sì bá tiwọn lọ sóko. Ẹni tí ó mú isu a ka owó ẹyọ sílẹ̀. Ẹni tí kò jókòó ṣọ́ ọjà ti kọ ebè mìíràn kí oòrùn tó wọ̀. Èrè yìí ni Mandeville kò kà.

Lónìí, kọ́ńgò tí a ti tẹ ìdí rẹ̀ wọ inú pọ̀ lọ́jà wa, ọmọ ìyá kan sì ń wọn èkejì jẹ. Ẹ̀yin ìjòyè wa ọlọ́lá, ẹ̀yin ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹ pàṣẹ kí a yẹ gbogbo kọ́ńgò ọjà wò, kí a sì bẹ̀rẹ̀ láti ìsọ̀ àwọn ará ilé yín.